Ìbáṣepọ̀ Òṣèlú, Ìkórọ̀jọ Ara Ẹni àti Ìjà Abẹ́lé nínú Ẹgbẹ́ Ajìjàǹgbara: Àpẹẹrẹ ANC ti Gúúsù Áfíríkà

Ìfáárà

African National Congress, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ANC, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ ajìjàǹgbara tó pẹ́ jùlọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìlú Bloemfontein ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 8, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1912, pẹ̀lú orúkọ South African Native National Congress. John Dube ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọdún 1923 ni wọ́n yí orúkọ náà padà sí ANC. Láti ọdún 1960 títí di ọdún 1990, òfin ka ẹgbẹ́ yìí léèwọ̀ ní ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí. Láti ọdún 1994 ni ó ti wà nípò ìjọba. Nínú ìdìbò ọdún 2004, ó gba ìdá 69.69 nínú 100 gbogbo ìbò. Ní ọdún 2024, ìdá 40.18 péré ló kù fún un.

Kò sí ọ̀tá kankan láti òkèèrè tó fa ìjákulẹ̀ yìí. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé: báwo ni ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ẹ̀mí wọn lélẹ̀ nítorí òmìnira ṣe di ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ kan ń para wọn nítorí ipò kánsẹ́lọ̀ àti iṣẹ́ àgbàṣe? Èrò tí a ó gbé kalẹ̀ ni pé okùn ìfọkàntán tí kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà parun lásìkò ìjà ni ọrọ̀ ìjọba gbà kọjá nígbà tí ìjà parí. Nígbà tí ipò sì di ẹnu ọ̀nà ọrọ̀, ìjà tó kù nínú ẹgbẹ́ di ìjà lórí ẹni tí yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà náà.

Àlàyé ṣókí lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a lò

Ìbáṣepọ̀ òṣèlú ni okùn ìmọ̀ra-ẹni, ìbátan tàbí ìgbẹ́kẹ̀lé tó so ẹni tó wà nípò àṣẹ pọ̀ mọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́, owó tàbí ààbò. Irú okùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìkórọ̀jọ ara ẹni ni kí ènìyàn lo ipò tàbí okùn yìí láti di olówó. Ó lè lòdì sí òfin, ó sì lè wà láàárín ohun tí òfin fàyè gbà. Ìjà abẹ́lé ni ìjà láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan náà. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ kí ó tó wo bí ọ̀kan ṣe ń bí èkejì.

Ìgbà àtìpó: 1960 sí 1990

Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹta, ọdún 1960, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa ènìyàn 69 ní Sharpeville. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà fòfin de ANC àti Pan Africanist Congress, ẹgbẹ́ tí Robert Sobukwe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1959 nígbà tí wọ́n ya kúrò lára ANC. Oliver Tambo jáde nílùú láti lọ tún ẹgbẹ́ tò lókè òkun. Ní oṣù kejìlá ọdún 1961, uMkhonto we Sizwe, ẹ̀ka ológun ẹgbẹ́ náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 1964, ilé-ẹjọ́ rán Nelson Mandela àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Láti ìgbà náà, ọwọ́ àwọn tó wà ní Tànsáníà, Sáḿbíà, Àngólà àti Lọ́ńdọ̀nù ni ẹgbẹ́ náà wà.

Ohun mẹ́ta ni ìgbé ayé àtìpó béèrè: àṣírí, ìgbọràn àti ìgbẹ́kẹ̀lé ẹni tí a mọ̀ dáadáa. Àwọn amí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà káàkiri. Owó ìrànwọ́ ń wọlé láti Soviet Union, Sweden àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe láti tẹ́ ìwé ìṣírò rẹ̀ síwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Nàìjíríà wà lára àwọn olùrànlọ́wọ́ yìí. Ìjọba wa dá àpò owó ìrànwọ́ kan sílẹ̀ fún apá gúúsù Áfíríkà ní ọdún 1976, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì dá owó sí i. Thabo Mbeki, tó padà di ààrẹ orílẹ̀-èdè rẹ̀, wà lára àwọn tó ṣojú ANC ní Èkó lápá ìparí ẹ̀wádún náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé lẹ́yìn òmìnira ni ìwà ìkórọ̀jọ wọ inú ẹgbẹ́ yìí. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1969, Chris Hani àti àwọn ọmọ ogun mẹ́fà mìíràn kọ ìwé ẹ̀sùn sí àwọn olórí wọn. Wọ́n ti jà ní Rhodesia, tí à ń pè ní Zimbabwe lónìí, wọ́n sì ti ṣẹ̀wọ̀n ní Botswana. Ohun tí wọ́n kọ ni pé àwọn kan nínú àwọn olórí ti sọ ìjà di iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun. Wọ́n mẹ́nu ba owó oṣù, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àti òwò tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n bínú pé àwọn ọmọ olórí ń lọ sí yunifásítì ní òkè òkun nígbà tí ọmọ ẹlòmíràn ń dúró de ogun. Inú àwọn olórí kò dùn rárá. Wọ́n lé àwọn méjèèje sẹ́yìn, àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n pa wọ́n. Tambo ni kò gbà. Ìwé yìí wà lára ohun tó fa àpérò ńlá tó wáyé ní Morogoro, Tànsáníà, lọ́dún náà, níbi tí wọ́n ti tún ètò ìjà tò. Wọ́n sì gba Hani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà.

Irú ìbínú kan náà tún jáde ní ọdún 1984, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ṣọ̀tẹ̀ ní àwọn àgọ́ Àngólà. Ìgbìmọ̀ Stuart, tí ẹgbẹ́ gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, rí i pé ìyàtọ̀ láàárín ìgbé ayé àwọn ọ̀gá àti ti ọmọ ogun lásán, pẹ̀lú ìwà ìkà àwọn òṣìṣẹ́ ààbò ẹgbẹ́, wà lára ohun tó fà á. Wọ́n fi ìyà jẹ ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣọ̀tẹ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń pè ní Quatro. Lẹ́yìn tí Mandela jáde lẹ́wọ̀n, ìgbìmọ̀ Skweyiya (1992) àti ti Motsuenyane (1993) fìdí ìwà ìkà yìí múlẹ̀. Ó yẹ ká rántí pé ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló gbé àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí kalẹ̀, nígbà tí ogun kò tíì tán pátápátá.

Láti inú ẹ̀wọ̀n àti àtìpó dé ilé ìjọba

Ẹgbẹ́ náà gba òmìnira lọ́wọ́ òfin ní oṣù kejì ọdún 1990, ó sì wọlé ìdìbò ní oṣù kẹrin ọdún 1994. Ìṣòro méjì ló dúró dè é. Èkíní ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àtijọ́ ló kún ilé ìjọba. Èkejì ni pé ọwọ́ àwọn aláwọ̀ funfun ni ọrọ̀ ilẹ̀ náà wà. Ìdáhùn tí ẹgbẹ́ fún ìṣòro kọ̀ọ̀kan ní ìdí tó tọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn méjèèjì ṣí ilẹ̀kùn fún ohun mìíràn.

Fún ìṣòro àkọ́kọ́, àpérò ẹgbẹ́ ní Mafikeng ní ọdún 1997 fọwọ́ sí ètò fífi ọmọ ẹgbẹ́ sípò. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ni yóò yan ẹni tí ó yẹ kó wà ní ipò pàtàkì nínú iṣẹ́ ìjọba àti nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba bíi Eskom, tó ń pèsè iná mànàmáná, àti Transnet, tó ni ọkọ̀ ojú irin àti èbúté. Ibi tí ewu wà ni pé ẹni tí ẹgbẹ́ bá fi sípò, ẹgbẹ́ ni yóò máa wojú rẹ̀. Ní àpérò yìí kan náà, Mandela, tó ń gbé ipò ààrẹ ẹgbẹ́ sílẹ̀, kìlọ̀ nípa àwọn tó ń wọ ẹgbẹ́ nítorí ohun tí wọn yóò rí jẹ.

Fún ìṣòro kejì, wọ́n gbé ètò fífún àwọn aláwọ̀ dúdú lágbára nínú ọrọ̀ ajé kalẹ̀, èyí tí òfin ọdún 2003 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wá aláwọ̀ dúdú tí yóò bá wọn ní ìpín. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ wá lọ ni àwọn tí ìjọba mọ̀. Tokyo Sexwale, tó ti ṣẹ̀wọ̀n ní Robben Island, di oníṣòwò ńlá. Cyril Ramaphosa, tó darí ẹgbẹ́ àwọn awakùsà lásìkò ìjà, di ọlọ́rọ̀ gidi. Kò sí ohun tó lòdì sí òfin nínú èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà 34 ní Marikana ní ọjọ́ 16, oṣù kẹjọ, ọdún 2012, Ramaphosa wà lára àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ Lonmin tó ni kòtò ìwakùsà náà. Ìgbìmọ̀ Farlam kò dá a lẹ́bi ikú wọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rí i pé ìhà kejì tábìlì ni olórí wọn àtijọ́ jókòó sí.

Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ pàápàá dòwò pọ̀ mọ́ ìjọba tó ń darí. Ilé-iṣẹ́ Chancellor House, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa wá owó fún ANC, ní ìdá 25 nínú 100 ìpín ilé-iṣẹ́ Hitachi ní Gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún 2007, Eskom gbé iṣẹ́ ńlá lórí ilé-iṣẹ́ iná Medupi àti Kusile fún Hitachi. Ní ọdún 2015, Hitachi san mílíọ̀nù 19 dọ́là láti parí ẹjọ́ tí àjọ tó ń bójú tó ọjà ìpín ní Amẹ́ríkà pè é lórí ọ̀rọ̀ yìí, láì gbà pé òun jẹ̀bi, láì sì sẹ́. Báyìí ni ẹgbẹ́ ṣe jókòó sí ìhà olùrà àti ìhà olùtà nínú ọjà kan náà.

Ríra ohun ìjà àti ìjà Polokwane

Ní ọdún 1999, ìjọba fọwọ́ sí ríra ọkọ̀ ojú omi ogun, ọkọ̀ abẹ́ omi àti ọkọ̀ òfuurufú ogun, pẹ̀lú owó tó tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 30 ráńdì. Láti inú ọjà yìí ni ẹjọ́ Schabir Shaik ti jáde, ẹjọ́ náà sì fi okùn tí à ń sọ hàn kedere. Àwọn ará ilé Shaik ti kópa nínú ìjà abẹ́lẹ̀. Arákùnrin rẹ̀, Mo, ṣiṣẹ́ ìwádìí àṣírí fún ANC lásìkò tí Jacob Zuma jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olórí ẹ̀ka náà. Nígbà tí òmìnira dé, Zuma di òṣèlú tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, Shaik sì di oníṣòwò tó ń san gbèsè náà. Ohun tí Shaik sọ nílé-ẹjọ́ ni pé ìrànlọ́wọ́ ọ̀rẹ́ àti ẹlẹgbẹ́ nínú ìjà ni owó náà. Adájọ́ Hilary Squires kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2005, ó dá Shaik lẹ́bi ìwà ìbàjẹ́ àti jìbìtì, ó sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 15. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí i pé gbólóhùn kan tí àwọn oníròyìn fi sí adájọ́ náà lẹ́nu, pé ìbáṣepọ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ ti ìwà ìbàjẹ́ látòkè délẹ̀, kò sí nínú ìdájọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ tún un ṣe lẹ́yìn náà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Ààrẹ Mbeki yọ Zuma kúrò nípò igbákejì ààrẹ. Zuma kò gbà pé òun jẹ̀bi ohunkóhun. Níbi yìí ni ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ ti yí padà di ohun ìjà nínú ìjà abẹ́lé. Àwọn alátìlẹ́yìn Zuma ní Mbeki ń lo agbófinró láti fi pa alátakò rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn Mbeki ní wọ́n ń fi ariwo ìdìtẹ̀ bo olè mọ́lẹ̀. Ní àpérò Polokwane, ní oṣù kejìlá ọdún 2007, Zuma fi ìbò 2,329 borí Mbeki tó ní 1,505. Ẹgbẹ́ pinnu níbẹ̀ láti tú ẹ̀ka agbófinró tí wọ́n ń pè ní Scorpions ká, èyí tó ti ṣèwádìí Zuma. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, ẹgbẹ́ ní kí Mbeki fi ipò ààrẹ orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Àwọn tí inú wọn kò dùn sí i yapa láti dá ẹgbẹ́ COPE sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, wọ́n fa ẹ̀sùn Zuma yọ. Ọdún 2018 ni wọ́n tó gbé e dìde padà.

Ìgbà Zuma: kíkó ìjọba sápò

Zuma di ààrẹ orílẹ̀-èdè ní ọdún 2009. Ọ̀rọ̀ méjì ló gba àkókò rẹ̀ kan. Àkọ́kọ́ ni ilé rẹ̀ ní Nkandla. Thuli Madonsela, tó wà nípò Aláàbò Aráàlú, jábọ̀ ní ọdún 2014 pé mílíọ̀nù 246 ráńdì ni iye iṣẹ́ tí ìjọba ń ṣe níbẹ̀ lórúkọ ètò ààbò. Odò ìwẹ̀ àti ọgbà màlúù wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ lórí ọ̀rọ̀ òfin ilẹ̀ náà dájọ́ pé Zuma kò dáàbò bo òfin ilẹ̀ bó ṣe yẹ nígbà tó kọ etí dídi sí àbọ̀ náà. Ó san mílíọ̀nù 7.8 ráńdì padà.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìdílé Gupta, àwọn oníṣòwò tó wá láti Íńdíà. Ọmọ Zuma wà nínú òwò pẹ̀lú wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, ọkọ̀ òfuurufú tó kó àwọn àlejò ìgbéyàwó wọn balẹ̀ sí Waterkloof, pápákọ̀ òfuurufú àwọn ológun. Mcebisi Jonas, igbákejì mínísítà fún ètò ìṣúná, sọ pé wọ́n fi ipò mínísítà àti mílíọ̀nù 600 ráńdì lọ òun, òun sì kọ̀ ọ́. Ìdílé náà ní irọ́ ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 2015, Zuma yọ mínísítà ètò ìṣúná, Nhlanhla Nene, nípò. Ẹni tó fi rọ́pò rẹ̀ kò lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Adájọ́ Raymond Zondo darí gbọ́ ẹ̀rí láti ọdún 2018. Nínú àwọn àbọ̀ tó gbé jáde ní ọdún 2022, ó fi hàn bí wọ́n ṣe ń fi ènìyàn wọn sípò ní Eskom, Transnet àti àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí iṣẹ́ àgbàṣe lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́. Ètò fífi ọmọ ẹgbẹ́ sípò, tó yẹ kó tún iṣẹ́ ìjọba ṣe, ni wọ́n gbà ṣe é.

Ìjà ní ìpele ìjọba ìbílẹ̀

Ìròyìn àwọn ńlá-ńlá kì í jẹ́ ká rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn. Ní orílẹ̀-èdè tí àwọn tí kò níṣẹ́ ti ju ìdá 30 nínú 100 lọ, ipò kánsẹ́lọ̀ ní ìlú kékeré lè jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìdílé kan ní sí owó oṣù. Kánsẹ́lọ̀ mọ ẹni tí yóò rí iṣẹ́ títún ọ̀nà ṣe gbà àti ẹni tí yóò ta omi fún ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ di kánsẹ́lọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹ̀ka ẹgbẹ́ ní àdúgbò rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń sanwó ọmọ ẹgbẹ́ fún ẹlòmíràn, tí orúkọ àwọn tí kò sí láyé sì ń wà nínú ìwé.

Ní ìpínlẹ̀ KwaZulu-Natal, pípa àwọn òṣèlú pọ̀ débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé ìgbìmọ̀ Moerane kalẹ̀ ní ọdún 2016. Ohun tí ìgbìmọ̀ náà rí ni pé ìjà lórí ipò àti iṣẹ́ àgbàṣe wà lára ohun pàtàkì tó ń fa ìpànìyàn náà, àti pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ wáyé láàárín ọmọ ẹgbẹ́ kan náà. Sindiso Magaqa, tó ti jẹ́ akọ̀wé àgbà fún ẹ̀ka ọ̀dọ́ ANC kó tó di kánsẹ́lọ̀ ní Umzimkhulu, béèrè ìbéèrè lórí owó iṣẹ́ ilé kan tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Wọ́n yìnbọn fún un ní oṣù keje ọdún 2017, ó sì kú ní oṣù kẹsàn-án.

Ohun tó dí ìwà náà lọ́wọ́

Ìtàn yìí kò ní jẹ́ òtítọ́ tí a bá fi àwọn tó dúró gangan sílẹ̀. Àwọn adájọ́ kò bẹ̀rù ààrẹ. Àwọn oníròyìn gbé àṣírí jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan jẹ́rìí pẹ̀lú ewu ńlá. Nínú ẹgbẹ́ pẹ̀lú, àwọn àgbà kan sọ̀rọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, Ramaphosa fi ìbò 2,440 borí Nkosazana Dlamini-Zuma tó ní 2,261, Zuma sì fi ipò sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2018. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn nílé-ẹjọ́ yẹra fún ipò. Òfin yìí ló mú kí wọ́n dá akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́, Ace Magashule, dúró ní ọdún 2021.

Ṣùgbọ́n bí ògiri bá ti lanu, aláǹgbá ti ráyè wọlé nìyẹn. Nígbà tí wọ́n fi Zuma sẹ́wọ̀n ní oṣù keje ọdún 2021 nítorí pé ó kọ̀ láti jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ Zondo, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí tó sọnù sì lé ní 350. Julius Malema, tí ẹgbẹ́ lé ní ọdún 2012, ti dá EFF sílẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Zuma kéde àtìlẹ́yìn rẹ̀ fún ẹgbẹ́ tuntun kan tó ń jẹ́ uMkhonto we Sizwe, orúkọ ẹ̀ka ológun àtijọ́ gan-an. Nínú ìdìbò oṣù karùn-ún ọdún 2024, ẹgbẹ́ náà gba ìdá 14.58 nínú 100. ANC kò lè dá ìjọba ṣe mọ́, ó sì ní láti bá àwọn alátakò rẹ̀ pín ipò.

Àríyànjiyàn àwọn onímọ̀

Ọ̀nà àlàyé méjì ló wọ́pọ̀. Àwọn kan ní ìwà àwọn olórí burúkú díẹ̀ ló ba ẹgbẹ́ rere jẹ́. Àlàyé yìí kò lè sọ ìdí tí ẹ̀sùn ọdún 1969 fi jọ ti ọdún 2017 tó bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn, bíi Stephen Ellis nínú ìwé rẹ̀ lórí ANC ní àtìpó, tọ́ka sí àṣà tí ẹgbẹ́ kó láti òkè òkun. Roger Southall, tó fi ANC wé ZANU-PF ti Zimbabwe àti SWAPO ti Nàmíbíà, fi hàn pé kì í ṣe ANC nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Àlàyé yìí wúwo jù ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di kádàrá. Hani àti Tambo wà ní àtìpó kan náà. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà fúnra rẹ̀ kò mọ́ lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ àti àṣà ìbàjẹ́ rẹ̀ sì wà lára ohun tí ìjọba tuntun jogún.

Ìkádìí

Ohun tí àpẹẹrẹ ANC kọ́ wa ni pé ìtàn akọni kò lè rọ́pò ìwé ìṣírò. Àṣírí tí ogun sọ di dandan yẹ kó dópin nígbà tí ogun bá parí, kí ìgbẹ́kẹ̀lé láàárín ẹlẹgbẹ́ má sì rọ́pò ìdíje gbangba lórí iṣẹ́ àgbàṣe. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ yẹ ẹgbẹ́ ajìjàǹgbara mìíràn wò, yálà ní Zimbabwe, Àngólà tàbí Gúúsù Sudan, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ó kọ́kọ́ bi: Ta ló mọ ibi tí owó ẹgbẹ́ ti ń wá? Ta ló ń yan àwọn tó ń pín iṣẹ́ àgbàṣe? Nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá fẹ̀sùn kan olórí rẹ̀, ṣé ẹ̀sùn ni wọ́n ń wádìí, àbí ẹni tó mú ẹ̀sùn wá?